Ta Ló Yọ Tamositáàtì Ọkọ̀ Bàbá Olùkọ́?

"Kò sí níbẹ̀ mọ́."

Mẹkáníìkì tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Sípánà ló sọ bẹ́ẹ̀. Ó ti ki orí bọ abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó ti tú bóòtù méjì, ó sì ti ṣí ìdérí tó wà lẹ́nu ọ̀nà omi ẹ́ńjìnnì. Nígbà tó gbé orí sókè, ẹnu rẹ̀ ṣì là sílẹ̀.

"Kí ni kò sí níbẹ̀?" Ọ̀gá mi bi í.

"Tamositáàtì ni, mà. Tuntun ni. Ọwọ́ mi yìí ni mo fi fi sí i lánàá, gbogbo ilé ló dúró tì mí. Ó ti lọ."

Bàbá Olùkọ́, ẹni tó ni ọkọ̀, pàtẹ́wọ́ gbàà, bí ẹni tó fẹ́ kí kíláàsì dákẹ́. "Ẹ gbọ́! Ó ti lọ! Ó wọ bàtà, ó gbé báàgì, ó lọ kí ìyá rẹ̀! Olè ni ọmọ yìí, mo ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀."

Sájẹ́ńtì ni wọ́n ń pè mí. Mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ọlọ́pàá, Ọ̀gá mi náà ti fẹ̀yìn tì, ṣùgbọ́n ìfẹ̀yìntì tiwa yìí kò jẹ́ kí n gbádùn ìjókòó. Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ni obìnrin náà ní gbogbo ọjọ́ tó fi ṣiṣẹ́. Ìyá Má-purọ́-fún-mi ni wọ́n sọ ọ́, nítorí gbólóhùn tó fi ń kí afurasí nìyẹn. Èmi ni mò ń gbé báàgì rẹ̀. Báàgì náà wúwo, oúnjẹ kò sì sí nínú rẹ̀.

Bàbá Olùkọ́ ni àbúrò Ọ̀gá, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Ó ti ṣe ọ̀gá àgbà iléèwé rí, títí di òní ló sì ń bá ènìyàn sọ̀rọ̀ bí ẹni tó fẹ́ fún un ní máàkì. Ọkọ̀ rẹ̀ ju àbíkẹ́yìn ọmọ rẹ̀ lọ lọ́jọ́ orí. Ìyàwó rẹ̀, tó jẹ́ aránṣọ, sọ fún mi nígbà kan pé bí iná bá ń jó ilé, òun mọ ohun tí ọkọ òun yóò kọ́kọ́ gbé jáde, kì í sì í ṣe òun.

Àbíkẹ́yìn yìí ló sunkún pè wá. Òun àti Sípánà fẹ́ fẹ́ ara wọn. Bàbá kò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, kò sì sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́, ìdánwò ló gbé kalẹ̀. Ọkọ̀ rẹ̀ máa ń hó nígbàkigbà tó bá ń gun òkè. Ó ní bí Sípánà bá lè tún un ṣe kó gun òkè iléèwé àtijọ́ òun láì hó, kó máa mú ọmọ lọ. Bó bá hó, kó má tẹ ẹnu ọ̀nà òun mọ́ láé.

Sípánà yẹ ọkọ̀ wò, ó ní tamositáàtì ti há, gásíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sì ti gbó. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, irin róbótó kan ni tamositáàtì, kò ju ẹyin adìyẹ lọ. Ó dúró lójú ọ̀nà omi ẹ́ńjìnnì bí aṣọ́bodè: bí omi bá tutù, á ti ilẹ̀kùn, bí omi bá gbóná, á ṣílẹ̀kùn kó lọ gba atẹ́gùn ní rédíétọ̀. Gásíkẹ́ẹ̀tì ni bébà líle tó wà láàárín irin méjì kí omi má bàa jò. Sípánà ra méjèèjì tuntun, ó fi sí i, ó wa ọkọ̀ yí àdúgbò ká, kò sí wàhálà. Ìyẹn lánàá. Láàárọ̀ òní, Bàbá wọ ọkọ̀, gbogbo wọn gun òkè, ọkọ̀ sì hó níwájú géètì iléèwé gan-an. Èéfín bo Bàbá mọ́lẹ̀, àwọn ọmọ iléèwé sì ń pàtẹ́wọ́.

Ọ̀gá tẹ̀ wo abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ó ní kí n mú awò tó ń sọ ohun kékeré di ńlá wá látinú báàgì.

"Gásíkẹ́ẹ̀tì dà?" ló wí.

Sípánà fi èékánná họ ọ́ kúrò lára irin. Ó ti rin gbingbin, ó sì ń já bí búrẹ́dì tó bọ́ sínú tíì. Sípánà wò ó, ó tún wò ó. "Mà, èyí kọ́ ni mo fi sí i."

Ọ̀gá gbé awò lé e. Nọ́ńbà bàtà wà lẹ́yìn rẹ̀, pẹ̀lú àwòrán bàtà obìnrin onígìgísẹ̀ gíga. "Páálí bàtà ni. Wo etí rẹ̀, Sájẹ́ńtì. Kí lo rí?"

Mo wò ó. Gbogbo etí rẹ̀ ló ní eyín wẹ́wẹ́ bí ayùn. "Eku ló jẹ ẹ́, mà," mo dáhùn.

Ó gba awò náà lọ́wọ́ mi. Ó yíjú sí Sípánà. "Má purọ́ fún mi. Kí ló wú nínú àpò ṣòkòtò rẹ yẹn?"

Sípánà fi ọwọ́ bo àpò. Bàbá fò sókè. "Òun nìyẹn! Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò!"

"Kì í ṣe nǹkan, mà."

"Kó jáde."

Ọmọkùnrin náà wo Àbíkẹ́yìn, ó wo ilẹ̀, ó wá fà á jáde. Ọṣẹ kékeré kan ni, ìyarun kan, àti ìgò lọ́fínńdà tó ti fẹ́ẹ̀ tán. "Mo máa ń lò ó ní kọ̀rọ̀ títì kí n tó wọlé síbí," ó ń sọ ọ́ sínú àyà. "Bàbá ní òórùn ọ́ìlì ń fún àwọn ní ẹ̀fọ́rí."

Ojú tì mí bí ẹni pé èmi ni mo ni lọ́fínńdà náà. Àbíkẹ́yìn fi ọwọ́ bo ojú, èjìká rẹ̀ ń mì, kò sì sí ẹni tó mọ̀ bóyá ẹ̀rín ló ń rín tàbí ẹkún ló ń sun.

"Ìyẹn ò wẹ̀ ẹ́ mọ́!" Bàbá ní. "Gbogbo mẹkáníìkì ló ń yọ tamositáàtì. Wọ́n á ní kò wúlò, wọ́n á ní kí omi máa lọ bó ṣe wù ú."

"Àwọn kan ń yọ ọ́, sà. Èmi kì í yọ ọ́."

"Bí wọ́n bá yọ ọ́," Ọ̀gá bi í, "ṣé ọkọ̀ á hó?"

"Rárá, mà. Á kàn pẹ́ kó tó gbóná ni. Páálí yìí ló jẹ́ kó hó. Omi ti jò tán kí a tó dé orí òkè."

Ọ̀gá mirí. "Ẹni tó yọ irin náà kò ní gásíkẹ́ẹ̀tì míì, ló bá gé páálí dí i. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan ọkọ̀ yìí. Sájẹ́ńtì, gbé báàgì."

Ìsọ̀ tí wọ́n ti ra tamositáàtì náà wà ní òdìkejì títì. Ojúlówó ni orúkọ ìnagijẹ ẹni tó ni ín, torí kò tíì sí nǹkan tó tà rí tí kì í ṣe ojúlówó. Bẹ́líìtì, páìpù, ọ̀já àti ike so rọ̀ látòkè débi pé mo ní láti tẹ̀ kí n tó lè wọlé. Ìyàwó Bàbá ti sọ fún wa pé òun rí i nídìí ọkọ̀ láàárọ̀, ọkùnrin náà sì ti bá Àbíkẹ́yìn sọ̀rọ̀ ìfẹ́ rí kí Sípánà tó dé. Mo ti ń wá ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ nínú báàgì.

"Má purọ́ fún mi," Ọ̀gá ní. "Kí lo wá ṣe nídìí ọkọ̀ àbúrò mi?"

"Mo wá kí i ni, mà."

"O wá kí ta ni?"

"Ọkọ̀ náà." Ó fi aṣọ nu ojú. "Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́, mà. Mo gbọ́ nípa ìdánwò yẹn. Mo lọ dúró tì í, mo sì gbàdúrà kó hó. Kó ṣáà hó díẹ̀. Ṣé òfin kọ àdúrà ni?"

"Ṣé o fọwọ́ kàn án?"

"Mi ò fi ìka kan kàn án, mà. Mo dijú ni. Tamositáàtì tí mo tà fún wọn, ojúlówó ni, gásíkẹ́ẹ̀tì náà, ojúlówó."

"Gásíkẹ́ẹ̀tì mélòó ló kù lọ́wọ́ rẹ?"

Ó fi ọwọ́ hàn wá ní ògiri. Wọ́n tò síbẹ̀ láti òkè délẹ̀, bí ewé lára igi.

A ti jáde sí títì kí n tó bèèrè ìdí tí a kò fi mú un. Ọ̀gá kò dẹ ìrìn. "Ẹni tí gásíkẹ́ẹ̀tì kún ìsọ̀ rẹ̀ títí dé òrùlé, kí ló máa fi páálí bàtà ṣe? Sípánà náà, bébà gásíkẹ́ẹ̀tì wà nínú àpótí irinṣẹ́ rẹ̀. Ẹni tó gé èyí kò ní nǹkan kan lọ́wọ́ ju ohun tó wà nínú yàrá lọ. Bí ikú ilé ò bá pani, tòde ò lè pani, Sájẹ́ńtì. Jẹ́ ká padà sílé."

Ariwo ló pàdé wa ní yàrá ìránṣọ. Aránṣọ náà gbé àlùmọ́gàjí rẹ̀ sókè. Èyí eléyín ni, tí wọ́n fi ń gé etí aṣọ kó má bàa tú.

"Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, ẹ wò ó! Ẹ wo ohun tó ń ṣe sí aṣọ oníbàárà mi! Kò gé e mọ́, ó ń jẹ ẹ́ lẹ́nu ni! Ẹnì kan ti fi gé bébà!" Bí ẹni pé wọ́n pa ènìyàn ló ṣe sọ ọ́. "Láti kékeré ni mo ti ń kìlọ̀ fún àwọn ọmọ mi: ẹ fi gé èékánná, mo lè fi orí jì yín. Ẹni tó bá fi gé bébà, kó wá ìyá míì."

"Èmi kọ́, Màmá," Àbíkẹ́yìn ní. "Mo ti búra láti àárọ̀."

Mo wo páálí bàtà tó ṣí sílẹ̀ lábẹ́ tábìlì, igun rẹ̀ kan ti kúrò. Mo wo eyín àlùmọ́gàjí. Mo wo aránṣọ. Mo wá sún mọ́ Ọ̀gá, mo sọ ọ́ sí i létí pé ẹjọ́ ti parí, kí a mú ìyàwó yìí.

"Sájẹ́ńtì, lọ mu omi," ó ní.

"Ẹ má fún un lómi inú kẹ́tùlù o," aránṣọ ní. "Láti àárọ̀ ni kẹ́tùlù yẹn ti ń ṣe mí ní kàyéfì. Tíì tí mo pò ní òórùn ọkọ̀, ó sì ń ta lẹ́nu bí irin."

Ọ̀gá dúró gbagidi. "Ta ló mu ún?"

"Mo mu ife kan, mo bínú sí i. Ọmọ yìí mu méjì, ìdààmú ò jẹ́ kó mọ ohun tó ń mu. Sípánà mu tiẹ̀ tán, ó tún dúpẹ́."

"Àbúrò mi ńkọ́?"

"Ó ní tíì ò wu òun lónìí."

"Ṣé ó ti sọ bẹ́ẹ̀ rí?"

Aránṣọ ronú. "Láti ìgbà tí mo ti dé ilé yìí? Rárá o. Nígbà tí ibà dá a dùbúlẹ̀ pàápàá, ó ń mu ún."

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín músẹ́. Mo mọ ẹ̀rín yẹn dáadáa, ó sì máa ń bí mi nínú, torí ó túmọ̀ sí pé ó ti mọ̀ ọ́n, èmi ò sì tíì mọ̀ ọ́n.

Gbogbo wa pé sí yàrá àlejò. Bàbá jókòó sórí àga rẹ̀, fìlà òtútù onírun lórí rẹ̀ títí dé etí. Òógùn ń ṣàn bọ́ sí àyà rẹ̀. Sípánà dúró lẹ́bàá ilẹ̀kùn pẹ̀lú àpótí irinṣẹ́ rẹ̀, bí ẹni tí wọ́n máa tó ní kó máa lọ. Àbíkẹ́yìn dì í lọ́wọ́ mú, ó sì rí bí ẹni pé bó bá lọ, wọ́n á jọ lọ ni.

"Àwọn mẹ́ta ló sùn nílé yìí," Ọ̀gá bẹ̀rẹ̀. "Ọ̀kan nínú wọn ló yọ tamositáàtì, ó sì fi àlùmọ́gàjí eléyín gé páálí bàtà dípò gásíkẹ́ẹ̀tì. Sájẹ́ńtì ní kí n mú aránṣọ."

"Èmi?" Aránṣọ wò mí. Mo wo òrùlé.

"Ṣùgbọ́n aránṣọ wo ló máa fi àlùmọ́gàjí iṣẹ́ rẹ̀ gé bébà? Yóò kọ́kọ́ fi eyín ẹnu rẹ̀ gé e. Ọmọ tó tọ́ dàgbà nídìí máṣíìnì kò ní dán an wò. Ẹni tó ń gbé nínú ilé aránṣọ láti ọjọ́ pípẹ́, tí kò gbọ́ ìkìlọ̀ rẹ̀ rí nítorí òun ló máa ń sọ̀rọ̀, òun ló gé e."

Bàbá wúkọ́.

"Ìyẹn nìkan kọ́. Ẹnì kan sọ nǹkan ọkọ̀ sínú kẹ́tùlù lónìí. Gbogbo ilé ló mu tíì náà, nítorí wọn kò mọ̀. Ẹnì kan ṣoṣo ni kò mu ún. Àbúrò mi, oòrùn mú. Kí ló dé tí o dé fìlà òtútù?"

"Orí ń fọ́ mi."

"Ṣí i."

Bàbá di fìlà náà mú. Mo ti mú adigunjalè rí, mo ti fò fẹ́ńsì, àmọ́ mi ò ní láyà láti ní kí àgbàlagbà ṣí fìlà nínú ilé ara rẹ̀. Kò sí ọlọ́pàá tó láyà bẹ́ẹ̀. Ìdí tó fi fi nǹkan pamọ́ síbẹ̀ nìyẹn.

"Ẹ̀gbọ́n mi," Bàbá ń bẹ̀ ẹ́, "níwájú àwọn ọmọ?"

"Èmi ni mo pọ̀n ọ́. Mo ti fọ orí yẹn kí irun tó hù sí i. Ṣí fìlà, kí n tó dìde."

Ó ṣí i. Tamositáàtì náà wà ní àtàrí rẹ̀, ó ń dán, òwú pupa aránṣọ ṣì so mọ́ ọn. Ó yọ̀, ó já sórí ilẹ̀, ó sì yí gbiri lọ sí ẹsẹ̀ Sípánà. Aránṣọ gbá orí ara rẹ̀ mú, ó ní, "Òwú mi náà!"

Bàbá gbé fìlà lé itan, ó wá sọ̀rọ̀. Ohùn olùkọ́ ti kúrò lẹ́nu rẹ̀.

"Mo fẹ́ mọ̀ bóyá ayédèrú ni. Kí ẹnikẹ́ni tó jí, mo yọ ọ́, mo so òwú mọ́ ọn, mo rì í sínú kẹ́tùlù. Mo ní bí omi bá hó tí kò ṣí, ayédèrú ni, ọmọkùnrin náà sì ni ayédèrú. Mo dúró tì í."

"Ó wá ṣí?"

"Ó ṣí." Ó fi àtẹ́lẹwọ́ nu ojú. "Ẹ̀gbọ́n mi, ó ṣí bó ṣe yẹ kó ṣí gẹ́lẹ́. Iṣẹ́ ọmọ náà pé. Mi ò rí ibi tí mo lè fi íńkì pupa sí. Gásíkẹ́ẹ̀tì ti ya mọ́ mi lọ́wọ́, mo lè pè é kó wá fi òmíràn sí i, mo mọ̀, ṣùgbọ́n páálí ni mo gé. Àwọn ẹ̀gbọ́n Àbíkẹ́yìn ti lọ, gbogbo wọn. Òun nìkan ló kù. Bí òun náà bá lọ, ta ni màá máa bá jà láàárọ̀?"

"Èmi ńkọ́?" aránṣọ bi í.

"Ìwọ kì í dáhùn. Ìránṣọ lo máa ń bá lọ."

"O wá jókòó sínú ọkọ̀ tí o mọ̀ pé yóò hó," Ọ̀gá ní, "o jẹ́ kí àwọn ọmọ iléèwé rẹ fi ọ́ ṣẹlẹ́yà?"

"Mo rò pé yóò hó kí a tó dé ọ̀dọ̀ wọn ni."

Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, mo wo Àbíkẹ́yìn, mi ò lè rín in mọ́. Ó ti fi ọwọ́ Sípánà sílẹ̀, ó sì kúnlẹ̀ síwájú bàbá rẹ̀. Gbogbo wa wá ń wo Sípánà. Wọ́n ti pè é ní olè láti àárọ̀. Bó bá gbé àpótí rẹ̀ jáde báyìí, ta ló máa dá a lẹ́bi?

Ó bẹ̀rẹ̀, ó mú tamositáàtì, ó tú òwú pupa, ó fẹ́ atẹ́gùn sí i. "Bàbá, ṣé ẹ fi ojú ara yín rí i tó ṣí, sà?"

"Mo rí i."

"Ó ṣí gbayawu?"

"Gbayawu."

"Ó dára bẹ́ẹ̀, sà. Ẹ wá bá mi họ ìyókù páálí yẹn kúrò lára irin. Ó ti lẹ̀ mọ́ ọn."

"Ẹni tó lẹ̀ ẹ́ ni yóò họ ọ́," Ọ̀gá ní, ó sì tì í dìde.

Bàbá họ ọ́ títí èékánná rẹ̀ fi dúdú. Ojúlówó fúnra rẹ̀ gbé gásíkẹ́ẹ̀tì wá, ó ní kí wọ́n má sanwó, òun jẹ gbèsè àdúrà. Sípánà fi tamositáàtì sí ààyè rẹ̀, ó tẹ́ gásíkẹ́ẹ̀tì lé e, ó de bóòtù méjèèjì ní ìfarabalẹ̀, ó sì bu omi kún rédíétọ̀. Nígbà tí irọ̀lẹ́ ń bọ̀, gbogbo wa há ara wa sínú ọkọ̀, èmi pẹ̀lú báàgì lórí itan. A gun òkè. Abẹ́rẹ́ tó ń sọ bí ẹ́ńjìnnì ṣe gbóná tó gòkè dé àárín, ó sì dúró síbẹ̀. A dé iwájú géètì, omi kò jò, èéfín kò yọ. Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́.

Sípánà pa ọkọ̀. Bàbá ń wo abẹ́rẹ́ náà bí ẹni tó fẹ́ kó ṣèṣì yẹ̀.

"Bó bá tún bẹ̀rẹ̀ sí í jò lẹ́yìn tí ẹ bá ti lọ ńkọ́?" ó bèèrè.

"Ẹ pè wá, sà. A máa wá."

Ó fi ìka kan dígí iwájú abẹ́rẹ́ náà. Ó wá fi ohùn kékeré kan, tí mi ò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí, bèèrè èkejì.

"Bí kò bá jò ńkọ́?"

Àbíkẹ́yìn na ọwọ́ látẹ̀yìn, ó dì í léjìká mú. "A máa wá náà, Bàbá."